Ta Ló Fún Ọ Láṣẹ Kí Ọkàn Rẹ Balẹ̀?

Ní Aguidi, àti ní gbogbo abúlé tó yí Ṣakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ ká ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù bá kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ni yóò sọ ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé fún wa. Ẹlòmíì á ya àmì àgbélébùú síwájú orí àti àyà. Ẹlòmíì á ṣe bísímílà, tírà rẹ̀ á sì wà lábẹ́ ìjókòó. Ẹlòmíì á ta ọtí díẹ̀ sílẹ̀ fún Ògún kó tó taná sí ẹ̀rọ. Nínú àpò ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, egbé ló wà níbẹ̀, oògùn tí wọ́n gbà pé yóò gbé olówó rẹ̀ kúrò níbi ìjàm̀bá kí irin tó kan irin. Mi ò bá ẹnì kankan nínú wọn jà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àdúrà: ọ̀pọ̀ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Wọ́n á gbé èrò, nígbà mìíràn èrò méjì pẹ̀lú ọmọ láàárín, wọ́n á sì kọrí sí kọ́nà pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ṣé ohun tí èèyàn kàn lè ní nítorí pé ó wù ú ni, àbí ohun tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún kó tó di tirẹ̀? Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò dán táyà àti bíréèkì rẹ̀ wò, tí kò sì kọ́ bí a ṣe ń lò wọ́n, kò ní ẹ̀tọ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn jókòó sẹ́yìn rẹ̀, àti pé ẹ̀sìn tó ń sìn gan-an kò fún un ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1877, ará Ìlú Ọba kan tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti onímọ̀ ọgbọ́n orí, William Kingdon Clifford, kọ àròkọ kan lórí ìgbà tó tọ́ àti ìgbà tí kò tọ́ kí èèyàn gba nǹkan gbọ́. Ọkùnrin kan tó ni ọkọ̀ ojú omi ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ náà ti gbó, àtúnṣe rẹ̀ ti pọ̀, iyèméjì sì ń dà á láàmú bóyá ó ṣì yẹ kó kó èrò. Ó lé iyèméjì náà jáde lọ́kàn: ó ní ọkọ̀ náà ti lọ ti bọ̀ láìséwu, Ọlọ́run tó ń ṣọ́ni kò sì ní jẹ́ kí àwọn ìdílé tó wà nínú rẹ̀ ṣègbé. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ ní tòótọ́. Ọkọ̀ rì, èrò kú, òun gba owó ìbánigbófò rẹ̀. Clifford ní ọkùnrin yẹn jẹ̀bi ikú wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti inú rẹ̀ wá, nítorí ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀ kò fún un láyè láti gba bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó tún sọ pé bí ọkọ̀ náà bá tiẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, ẹ̀bi náà kò dín rárá. Àṣírí rẹ̀ ni kò tú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti wúlò fún wa jù, torí pé ọ̀pọ̀ ìrìn àjò tó ń lọ láti Ṣakẹ́tẹ́ sí Pobẹ̀ ló ń parí sí ayọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn alùpùpù kan tó ti ń gbé èrò fún ìgbà pípẹ́. Àárín rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ọ̀nà títọ́ àti ẹrù wúwo ló ń jẹ ẹ́. Etí rẹ̀ méjèèjì ṣì ní ilà díẹ̀, èyí tí ẹni tó ni ín á máa nà sí láti fi hàn pé táyà òun ṣì dára. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, rọ́bà náà le gbagidi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́. Lára ẹ̀gbẹ́ náà ni nọ́ńbà mẹ́rin wà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún, tó fi jẹ́ pé 3514 ń sọ fún wa pé ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti fi nǹkan dúdú pa lára kó lè máa dán lórí àtẹ kò lè fi ọjọ́ orí rẹ̀ pa mọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Táyà tó ti tẹ́ báyìí kò lè wọ kọ́nà wẹ́rẹ́ mọ́, torí bí alùpùpù bá fẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun orí igun tí títẹ́ náà dá sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa ṣubú sínú kọ́nà lójijì. Ẹni tó ń gùn ún á gbà pé bí alùpùpù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ẹ̀rí tó yẹ kó dá iyèméjì sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì náni ju kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé èrò òyìnbó ni èyí, pé ará ilé wa kì í béèrè ẹ̀rí kó tó gba nǹkan gbọ́. Irọ́ ni. Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì gbé ìwé jáde lọ́dún 1986 lórí bí Yorùbá ṣe ń ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà sọ ni pé ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí ni ó mọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, àgbà yòówù kó sọ ọ́, títí a ó fi dán an wò. Òṣùwọ̀n yìí le ju ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ fi wọn zẹ́míján kan, ìyẹn ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, wò. Kí ló mọ̀ nípa bíréèkì rẹ̀? Bí a bá bi í pé tó bá ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà mélòó ni yóò lò kó tó dúró, á ní ṣebí ó máa dúró. Ẹni tó ta alùpùpù náà ló sọ bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì náà sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì tẹ̀ ẹ́ dópin rí. Ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dópin ni ọjọ́ tí ọmọdé bá já wọ títì níwájú rẹ̀, ara ọmọ yẹn ni yóò sì ti ṣe ìdánwò.

Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò dáhùn pé ogún ọdún lòun ti ń gùn ún, ojú òun náà ti rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ kí a gbọ́, nítorí ìrírí kì í ṣe ohun àfojúdi. Ṣùgbọ́n ojú lè rí nǹkan kó má rí ohun tó fà á, bíréèkì ọwọ́, ìyẹn ti iwájú, sì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Níbi gbogbo tí wọ́n ti ń gun alùpùpù nílẹ̀ wa, ohun tí àgbà ń kìlọ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni pé kó má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, pé ó máa ń dá èèyàn nù. Ìkìlọ̀ náà kò ṣàdédé wá. Wọ́n ti rí ẹni tó ṣubú. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé, bí alùpùpù bá ń dín eré kù, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún síwájú, táyà iwájú á fún mọ́lẹ̀, á sì lè di ilẹ̀ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tí táyà ẹ̀yìn ń fúyẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bíréèkì iwájú ló lágbára jù. Ṣùgbọ́n ìsún ìwúwo náà ń gba àkókò díẹ̀. Ẹni tó bá já bíréèkì ọwọ́ pátì kí ìwúwo tó dé iwájú, táyà yóò há, yóò sì yọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fún un díẹ̀, tó wá ń fún un sí i bí ìwúwo ti ń dé, yóò dúró ní bí ìdajì ọ̀nà tí ẹni tó lo bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan máa lò. Ọdún ogún ti kọ́ àgbà náà pé bíréèkì ọwọ́ léwu, kò sì kọ́ ọ pé kánjúkánjú ni ewu náà. Wilbur Wright, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà kí òun àti àbúrò rẹ̀ tó ṣe ẹ̀rọ tó ń fò, ṣàkíyèsí irú nǹkan yìí: ó bi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe ń yà sósì, kò sì rí ọ̀kan tó lè sọ ọ́ bó ṣe rí, pé wọ́n ń kọ́kọ́ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ díẹ̀ sí ọ̀tún kí kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ sósì. Ara wọn ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹnu wọn ń sọ òdì kejì. Ó tó kí ara mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ohun tí ẹnu ti ń sọ ni ọwọ́ á fẹ́ ṣe.

A ní ẹ̀rí ohun tí èyí ń yọrí sí. Harry Hurt àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Southern California lọ sójú ibi tí ìjàm̀bá alùpùpù 900 ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta lọ́dún 1981. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gun alùpùpù tí ìjàm̀bá bá, 92 ni kò kọ́ ọ lọ́wọ́ olùkọ́ kankan. Ara wọn ni wọ́n fi kọ́, tàbí kó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ ló fi hàn wọ́n. Láti ìgbà tí ewu yọjú títí di ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àkókò tó wà láàárín kì í sábà tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Láàárín àkókò náà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n tẹ bíréèkì ẹ̀yìn títí táyà fi há tó sì ń wọ́, wọ́n wá lo ti iwájú ní ìlò àbọ̀. Ti kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà fún ewu náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó lè ṣe é. Ní 60 kìlómítà ní wákàtí kan, alùpùpù ń jẹ nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí àyè láti ronú níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa ṣe.

Ohun tí mò ń pè ní ẹ̀kọ́ kò ju ohun tí pápá bọ́ọ̀lù kan lè gbà lọ. Wọ́n á to òkúta tàbí ìgò oníke síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á wá pẹ̀lú 20 kìlómítà ní wákàtí kan, á fún bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró, wọ́n á sàmì sí ibi tó dúró sí. Á tún wá pẹ̀lú 30, pẹ̀lú 40, á sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà ìdúró ń di ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bomi sílẹ̀ kó tún un ṣe. Ti kọ́nà náà ní ìlànà tirẹ̀: eré ni a ó kọ́kọ́ dín nígbà tí alùpùpù ṣì wà lóòró, ojú á ti máa wo ibi tí a fẹ́ jáde sí, kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́ ní fífẹ̀, dídi ilẹ̀ mú kan náà tó wà níbẹ̀ ni bíréèkì àti yíyà jọ ń pín. Ẹni tó bá ti ná gbogbo rẹ̀ lórí bíréèkì kò ní kọ́bọ̀ láti fi yà. Ilẹ̀ tiwa tún ní ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Títì ọ̀dà tó wá láti Àjàṣẹ́ gba Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí Pobẹ̀ àti Kétu, bí èèyàn bá yà kúrò lórí rẹ̀, ilẹ̀ pupa ni, tí òkúta wẹ́wẹ́ tú sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tí ó sì ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Bí ó bá wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ní ìhà Issaba, ó di amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ táyà títí ilà rẹ̀ á fi kún dí. Kò sí táyà tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa. Táyà tuntun pàápàá máa ń yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi ha, èyí tó fi hàn pé owó nìkan kò lè ra ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí àwọn ẹlẹ́sìn ti máa ń dá irú ọ̀rọ̀ yìí dúró. Wọ́n á ní kí ni táyà fẹ́ ṣe sí ohun tí a ti yàn mọ́ni? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, yóò lọ, kódà lórí ẹní. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde lọ́dún 1962, to ọ̀nà tí ìpín ń gbà wá lẹ́sẹẹsẹ: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà, àyànmọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan náà tó ń sọ èyí ló ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo, ló ń rúbọ, ló ń gbààwẹ̀. Bí ìpín bá ti sé pátápátá, kí ni ẹbọ ń wá? Gbogbo ẹni tó bá rúbọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ohun tí èèyàn ṣe lónìí lè kan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la. Tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ fún àkùkọ àti obì, kò ní ìdí kankan láti kọ̀ ọ́ fún rọ́bà. Yorùbá sì ti fi àyè sílẹ̀ fún àfọwọ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyànmọ́. Àwọn ìyà kan wà tí a kì í di ẹ̀bi wọn ru Olódùmarè. Ẹ tún rántí ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé, níbi tí gbogbo orí ti péjọ láìpe ẹsẹ̀, tí ìpinnu wọn kò sì lè ṣẹ títí wọ́n fi lọ pè é. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ: ìpín tí ẹni tó ń gun alùpùpù gbára lé, tirẹ̀ ni. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní orí tirẹ̀, kò sì fún un láṣẹ láti fi ta tẹ́tẹ́.

Àwọn ẹ̀sìn tó kù kò sọ ohun tó yàtọ̀. Hádíìsì kan wà tí Tirmidhi gbà sílẹ̀, nípa ọkùnrin tó bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́run. Èsì tó gbà ni pé kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́run. Nínú Ìhìn Rere Mátíù orí kẹrin, ẹni tó ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti òkè tẹ́ńpìlì nítorí pé áńgẹ́lì yóò gbé e ni Bíbélì Yorùbá pè ní Èṣù (kì í ṣe Èṣù Ẹlẹ́gbára), Jésù sì kọ̀. Ti Ògún ló yẹ kí a dúró lé jù, torí òun ló ni irin àti ọ̀nà. Irin ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń fi búra ní kóòtù Nàìjíríà, nítorí àwọn èèyàn gbà pé Ògún kì í fara mọ́ irọ́. Kí wá ni a ó pe ẹni tó ń ta ọtí fún Ògún láàárọ̀, tó sì gbé èrò sórí irin tí kò tọ́jú, tó ń sọ fún un pé kò séwu? Wọlé Ṣóyíńká, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó fi Ògún ṣe òrìṣà tirẹ̀, tó sì kọ eré kan lórí ọ̀nà àti ikú inú rẹ̀ lọ́dún 1965, kò wò ó pé ìfọkànsìn yẹn tó. Lọ́dún 1977 ó wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Mo gbà pé ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀ nínú méjèèjì.

Àtakò kan wà tó le ju ti àyànmọ́ lọ, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló sì mú un wá. Wọ́n ní ìfọ̀kànbalẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pani. Gerald Wilde sọ ọ́ di ìlànà lọ́dún 1982 pé ẹni tí a bá dín ewu rẹ̀ kù yóò wá ewu mìíràn fi dí i, yóò sáré sí i títí ewu á fi padà sí iye tó ti mọ́ ọn lára. Ní ìlú Munich ní Jámánì, wọ́n fi bíréèkì ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há, sí apá kan nínú àwọn takisí ilé-iṣẹ́ kan, wọn ò fi sí ìyókù. Ìjàm̀bá kò dín, àwọn tó ní in ló wá ń gé kọ́nà tí wọ́n sì ń sún mọ́ ẹni iwájú jù. Ní Norway, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1988 rí i pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀ wá ń ní ìjàm̀bá púpọ̀ sí i lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì kó gbogbo ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ alùpùpù jọ lọ́dún 2010 fún Cochrane, àjọ tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí lórí ìlera, sọ pé ẹ̀rí tó wà kò tó láti fi sọ irú ẹ̀kọ́ tó ń dín ìjàm̀bá kù. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀kọ́ lárugẹ tí kò mẹ́nu kan nǹkan wọ̀nyí kò ṣòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn: wọ́n kọ́ wọn pé wọ́n lè borí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ìgbàgbọ́ tuntun ni wọ́n fún wọn, ó sì tóbi ju ìmọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ, tí èèyàn ti ń rí àmì ibi tí òun dúró sí lórí pápá, ń kọ́ni ní òdì kejì: ó ń fi hàn án bí ọ̀nà tí òun nílò ti gùn tó, ọ̀pọ̀ ni yóò sì yà lẹ́nu pé ó gùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Irú ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá ní ààlà, ẹni tó ní in sì mọ ibi tí ààlà náà wà. Kò bá ti Munich dọ́gba. Ọ̀rọ̀ Wilde náà kò sì ṣẹ dé gbogbo ibi tó fẹ́ kó dé, nítorí nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí àwọn onílé-iṣẹ́ ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà fi alùpùpù tó ní ABS wé irú kan náà tí kò ní in, ìjàm̀bá tó ń pani láàárín àwọn tó ní in fi ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ kéré sí ti àwọn yòókù. Bí èèyàn bá tiẹ̀ ń ná díẹ̀ nínú ààbò tó rà lórí eré, kò ná an tán.

Ó wá ku owó. Zẹ́míján lè sọ pé, o ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n táyà tuntun ju ohun tí mò ń rí lọ. Kò parọ́. Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, inú ọ̀wọ́n ló ti gbilẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè Benin dẹnu kọlẹ̀ tí àwọn tó ń gbowó oṣù pàdánù iṣẹ́ wọn. Ní agbègbè ẹnubodè bíi tiwa, epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ tó ń wọlé láti Nàìjíríà nínú ìgò àti jálá, ló ti ń mú kí ìṣirò náà dọ́gba. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà lópin oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí owó epo bá ká mọ́, táyà ló máa sún síwájú, torí epo kì í gba ẹ̀bẹ̀, táyà sì lè fara dà á fún oṣù kan sí i. Mi ò lè dájọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí mo ti lè dájọ́ ọkùnrin Clifford. Apá kan ṣì wà tí kò lè fi owó yẹra fún, torí pápá kò gba owó, bíbẹ̀rẹ̀ wo táyà kò gba owó, kí èèyàn rọra wọ kọ́nà nítorí pé ó mọ̀ pé táyà òun ti jẹ kò gba owó. Bí kò bá lè ra táyà, ó gbọ́dọ̀ ra àkókò: kó dín eré kù, kó má gbé èrò méjì, kí ọkàn rẹ̀ má sì balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin Clifford kò sí nínú ọkọ̀ tó rì. Ilé ló wà. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ń gbé èrò láàárín Ṣakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń gùn ún. Ẹnì kan ló rà á, tó gbé e fún ọmọdékùnrin kan, tó sì ń gba owó tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Olóyè lè ni, ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ ìyá oníṣòwò, ó sì lè jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí alùfáà àgbà tó ń gbàdúrà fún ọmọ náà láràárọ̀. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni pé epo àti àtúnṣe wẹ́wẹ́ wà lọ́rùn ẹni tó ń gùn ún, táyà á sì wà ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Ẹni tí owó ń wọlé fún láìjẹ́ pé ó jókòó sórí rẹ̀ ló ní àyè jù láti ṣiyè méjì, òun sì ni iyèméjì rẹ̀ kéré jù. Bí ó bá fẹ́ kí àdúrà rẹ̀ fún ọmọ náà ní ìtumọ̀, kí àdéhùn sọ ọ́ kedere pé òun ni yóò máa ra táyà, kí ó má gba owó lọ́jọ́ kan láàárín oṣù, kí ọmọ náà fi ọjọ́ yẹn lọ sí pápá, kí òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ wo mítà mélòó ni ohun ìní òun ń lò kó tó dúró.